Orúkọ, Nọ́ńbà àti Àṣẹ: Ìtàn Ìpè mknod àti Fáìlì Àkànṣe nínú Unix láti Ọdún 1969

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá jókòó ti kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux, tí ó tẹ àṣẹ ls -l /dev/null, ìlà kan ṣoṣo ni yóò jáde. Lẹ́tà c ni yóò ṣíwájú ìlà náà. Níbi tí ó yẹ kí a ti rí ìwọ̀n fáìlì, nọ́ńbà méjì ni a ó bá níbẹ̀: 1 àti 3. Kò sí ìwọ̀n, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú fáìlì náà. Orúkọ wà, nọ́ńbà méjì wà, àkọsílẹ̀ ẹni tí ó ni ín àti àwọn tí ó lè kà á tàbí kọ nǹkan sí i wà. Kò sí ohun mìíràn. Síbẹ̀, ohunkóhun tí a bá dà sínú rẹ̀ yóò wọlé, a kò sì ní rí i mọ́.

Irú fáìlì báyìí ni a ó máa pè ní fáìlì àkànṣe nínú iṣẹ́ yìí. Òun ni Unix àti àwọn ètò tí ó jáde lára rẹ̀ fi ń dúró fún ẹ̀rọ tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà: dísìkì, kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, títí kan mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Bí púrógíráàmù bá fẹ́ ohun tí agbára rẹ̀ kò ká, ó ní láti ké sí àárín gbùngbùn ètò ìdarí ẹ̀rọ, èyí tí a ó máa pè ní kókó. Kíké yẹn ni a ń pè ní ìpè. Ìpè tí ó ń dá fáìlì àkànṣe ni mknod, àgékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí ó túmọ̀ sí "ṣe oríkèé". Ohun mẹ́ta ni púrógíráàmù ń fún un: orúkọ tí fáìlì náà yóò jẹ́, irú tí yóò jẹ́ pẹ̀lú àṣẹ tí yóò wà lórí rẹ̀, àti nọ́ńbà ẹ̀rọ tí ó ń tọ́ka sí.

Àwọn kan lè béèrè ohun tí ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn wá ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní tipátipá, wọ́n sì ń há àwọn àṣẹ wọ̀nyí sórí bí ìgbà tí ènìyàn há ọfọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ìwé èdè-ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990 ṣe wá láǹfààní púpọ̀, ṣùgbọ́n ìkọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n wà fún. Ìkejì, ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ ni ọ̀rọ̀ mknod jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó nífẹ̀ẹ́ sí ìsọmọlórúkọ ju Yorùbá lọ.

Èrò kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí pé mknod ti di ohun àtijọ́, pé kọ̀ǹpútà òde òní ń dá fáìlì àkànṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀, pé ìtàn lásán ni ó kù. A kò fara mọ́ èrò náà. Ìpè ọ̀hún kò yí padà púpọ̀ láti 1973. Ohun tí ó ń yí padà ni ìdáhùn sí ìbéèrè pé ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti pè é. Ìbéèrè yẹn ni a ó sì máa tọ̀ lẹ́yìn.

Kí mknod tó dé

Ní 1969, ní ilé ìwádìí Bell Labs tí ó wà ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà, Ken Thompson bẹ̀rẹ̀ Unix lórí ẹ̀rọ PDP-7 kan tí àwọn ẹlòmíràn ti lò sẹ́yìn. Dennis Ritchie wà pẹ̀lú rẹ̀. Ritchie fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ìgbà náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni a sì ti mọ̀ pé fáìlì àkànṣe ti wà lórí PDP-7 láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àfikún ọjọ́ iwájú rárá.

Ṣùgbọ́n kò sí ìpè kankan tí ó ń dá a. Láti yé èyí, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn ènìyàn Unix ń pè ní inode. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ kékeré kan lórí dísìkì tí ó ń jẹ́rìí rẹ̀: irú rẹ̀, olówó rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà. Àkọsílẹ̀ yìí ni inode, ó sì ní nọ́ńbà. Orúkọ tí àwa ń rí, inú fódà ni ó wà, ńṣe ni ó kàn ń tọ́ka sí nọ́ńbà inode. Lórí PDP-7, a kò kọ ọ́ sínú inode pé ẹ̀rọ báyìí ni ó dúró fún. Nọ́ńbà inode náà gan-an ni ó ń sọ ọ́: nọ́ńbà kan jẹ́ ti ẹ̀rọ kan, òmíràn jẹ́ ti ẹ̀rọ mìíràn, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ nínú kókó láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́.

Unix bọ́ sórí PDP-11 láìpẹ́, ìwé ìlò àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, 1971. Àṣà PDP-7 yẹn ṣì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà inode 1 sí 40 jẹ́ ti àwọn ẹ̀rọ, fódà ìpìlẹ̀ tí gbogbo fáìlì wà lábẹ́ rẹ̀ sì gba 41. Ìwé náà ya apá kan sọ́tọ̀ fún fáìlì àkànṣe. A rí /dev/mem níbẹ̀, tí ó dúró fún mẹ́mọ́rì. A rí /dev/ppt fún ẹ̀rọ tí ń lu ihò sára bébà gígùn. A rí /dev/tty fún ẹ̀rọ tí ènìyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. A rí /dev/rk0 fún dísìkì, àti àwọn /dev/tap fún téèpù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ so ẹ̀rọ tuntun mọ́ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ tí yóò fún un, àfi kí ó tún kókó kọ. Àwọn tí ó kọ Unix nìkan ni wọ́n lè sọ ẹ̀rọ lórúkọ. Nígbà tí ó jẹ́ pé yàrá kan náà ni àwọn tí ó kọ ọ́ àti àwọn tí ń lò ó wà, èyí kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí Unix bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ sí ọ́fíìsì àti yunifásítì mìíràn, kò lè rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọdún 1973

Ọdún pàtàkì ni 1973 nínú ìtàn Unix nítorí pé ọdún náà ni wọ́n tún kókó kọ ní èdè C. Èyí tí gbogbo ìwé ń sọ nìyẹn. Ohun tí ìwé kì í sábà sọ ni pé inú ẹ̀dà kẹrin kan náà, tí ìwé ìlò rẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ni a ti kọ́kọ́ bá mknod pàdé.

Nǹkan kan wà tí ó pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀ níbí. Ìpè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kókó fi mọ̀ ọ́n. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, nọ́ńbà 14 jẹ́ ti ìpè tí ń dá fódà. Nígbà tí mknod dé, nọ́ńbà 14 yẹn ni ó jogún, ó sì gba iṣẹ́ dídá fódà mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní Finland ní 1991, ogún ọdún lẹ́yìn ìwé ìlò àkọ́kọ́, nọ́ńbà 14 náà ni mknod ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ 386. Ó ṣì ń jẹ́ ẹ níbẹ̀.

Pẹ̀lú mknod, ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kúrò nínú nọ́ńbà inode, ó wọ inú inode fúnra rẹ̀. Níbi tí inode fáìlì lásán ti ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ inú fáìlì wà lórí dísìkì, inode fáìlì àkànṣe ń tọ́jú nọ́ńbà méjì. Èkíní ni a ó máa pè ní nọ́ńbà àgbà. Ó ń sọ irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́, tàbí kí a sọ pé ó ń sọ apá kókó tí ó mọ bí a ṣe ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lò. Èkejì ni nọ́ńbà àbúrò, tí ó ń sọ èyí tí ó jẹ́ gan-an láàárín àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà. Bítì 16 ni wọ́n fi pamọ́ fún méjèèjì, 8 fún àgbà, 8 fún àbúrò, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè kọjá 256. Nígbà náà, ta ni yóò ro ẹ̀rọ tí irú rẹ̀ ju 256 lọ? Linux jogún ìwọ̀n yìí, ó sì fún un lọ́rùn títí di ẹ̀dà 2.6 tí ó jáde ní oṣù Kejìlá, 2003. Ẹ̀dà náà fi bítì 12 fún àgbà, 20 fún àbúrò, tí í ṣe 4,096 àti 1,048,576.

Fáìlì àkànṣe pín sí oríṣi méjì. Èyí tí lẹ́tà b ń ṣíwájú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀rọ tí ń kó ọ̀rọ̀ ní ìṣù-ìṣù, tí a lè fò lọ sí ibi tí ó bá wù wá nínú rẹ̀, bíi dísìkì. Èyí tí lẹ́tà c ń ṣíwájú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ ń ṣàn wọlé tí ó ń ṣàn jáde, bíi kíbọ́ọ̀dù. Tábìlì ọ̀tọ̀ ni kókó ń wò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, b 8 0 àti c 8 0 kì í ṣe ìbátan.

Ní oṣù Keje 1974, Ritchie àti Thompson tẹ àpilẹ̀kọ wọn lórí Unix jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà. Wọ́n ka fáìlì àkànṣe sí ohun tí ó ṣàjèjì jù lọ nínú ètò fáìlì wọn, wọ́n sì sọ àǹfààní mẹ́ta: pé kíkà àti kíkọ sí ẹ̀rọ yóò jọ ti fáìlì; pé orúkọ ẹ̀rọ àti orúkọ fáìlì yóò rí bákan náà, tí púrógíráàmù tí ń retí fáìlì fi lè gba ẹ̀rọ dípò; àti pé ààbò tí ó wà lórí fáìlì yóò wà lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lu ihò sára bébà, kí ó kọ sí /dev/ppt. Ó dùn létí. Àǹfààní méjì àkọ́kọ́ kò ní àbùkù kankan. Ìkẹta ni wàhálà wà.

Ara ilẹ̀kùn ni kọ́kọ́rọ́ wà

Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. mknod kì í wo ilé. Bí a bá ní kí ó dá fáìlì àkànṣe tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀rọ tí kò sí, tí a kò tilẹ̀ ì ṣe rí láyé, yóò dá a láìjanpata. Ìgbà tí púrógíráàmù kan bá fẹ́ ṣí fáìlì náà ni kókó tó máa wo tábìlì rẹ̀, tí yóò sì wí pé kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, a lè dá fáìlì mẹ́wàá ní ibi mẹ́wàá fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí a bá sì pa fáìlì kan rẹ́, ẹ̀rọ náà wà níbi tí ó wà. Orúkọ kan ni ó kàn bọ́ lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ààbò. Lórí Linux, b 8 0 ni odindi dísìkì àkọ́kọ́, tí orúkọ rẹ̀ sábà ń jẹ́ /dev/sda. Ẹni tí ó bá lè ka fáìlì yẹn lè ka gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì náà, lẹ́tà ẹlòmíràn, èsì ìdánwò, pásíwọọ̀dù, láìwo ti àṣẹ tí ó wà lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi ń ti /dev/sda mọ́ àwọn ènìyàn lásán. Ṣùgbọ́n ara ilẹ̀kùn ni kọ́kọ́rọ́ náà wà, kì í ṣe ara yàrá. Kókó ń wo àṣẹ tí ó wà lórí fáìlì àkànṣe tí ènìyàn gbà wọlé. Kì í béèrè bóyá ilẹ̀kùn mìíràn wà sí yàrá kan náà tí a ti tì pa. Bí ẹnikẹ́ni bá lè pe mknod, yóò dá b 8 0 tirẹ̀ sínú fódà ara rẹ̀, yóò fún ara rẹ̀ ní àṣẹ, yóò sì wọlé. Títì tí a ti /dev/sda di asán.

Nítorí èyí ni wọ́n fi mknod sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí Unix ń pè ní root, tí agbára rẹ̀ ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ lórí ẹ̀rọ náà. Ẹnu ọ̀nà kan wá kù tí wọn kò tètè rí. Bí ènìyàn bá lọ sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nílé, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ root, tí ó dá fáìlì àkànṣe sórí dísìkì àgbéká, tí ó wá gbé dísìkì náà wá sí ibi iṣẹ́ ńkọ́? Inode kò kọ ibi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni ó gbé lọ́wọ́, kókó tí ó bá gbà á lálejò ni yóò túmọ̀ rẹ̀ ní èdè tirẹ̀. Ìdí rèé tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ nodev kún àṣẹ tí a fi ń so irú dísìkì bẹ́ẹ̀ mọ́ ètò: ó ń sọ fún kókó pé kí ó má ka fáìlì àkànṣe kankan tí ó bá níbẹ̀ sí.

Ìwọ̀nba àkókò tí ó wà láàárín

A ti sọ pé mknod jogún iṣẹ́ dídá fódà. Èyí ni ó bí ìṣòro tí a rò pé ó kọ́ àwọn oníṣẹ́ Unix lẹ́kọ̀ọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ, a ó sì dúró lé e lórí díẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ni ó ń fẹ́ dá fódà. Ṣùgbọ́n root nìkan ni ó lè pe mknod. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà, títí dé ẹ̀dà keje tí ó jáde ní 1979, ni pé àṣẹ mkdir jẹ́ púrógíráàmù tí ń wọ ẹ̀wù root fún ìgbà díẹ̀ láti bá ènìyàn lásán ṣiṣẹ́. Yóò kọ́kọ́ pe mknod, fódà tuntun yóò sì jẹ́ ti root. Lẹ́yìn náà, yóò pe chown, ìpè tí ń yí olówó padà, kí fódà lè di ti ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ìpè méjì ni, ìwọ̀nba àkókò sì wà láàárín wọn.

Àkókò yẹn kéré, ṣùgbọ́n ó tó fún olè. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́, tí mkdir sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn mknod, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ lè sáré pa fódà tuntun náà rẹ́, kí ó so orúkọ kan náà mọ́ fáìlì /etc/passwd, tí ó jẹ́ ibi tí àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn tí ó lè wọlé wà. Nígbà tí mkdir bá wá pe chown lórí orúkọ yẹn, yóò fi /etc/passwd lé olè lọ́wọ́. mknod kò ṣẹ̀, chown kò ṣẹ̀, mkdir gan-an sì ṣe ohun tí wọ́n rán an. Orúkọ ni ó yí olówó padà láàárín wọn.

Àwọn ọmọ Berkeley, ní yunifásítì California, ni wọ́n tún un ṣe ní 1983. Nínú ẹ̀dà 4.2BSD, wọ́n fún dídá fódà ní ìpè tirẹ̀, kókó sì ń ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí àlàfo. Iṣẹ́ tí mknod gbà ní 1973 kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn ti ń wọlé fún un nígbà náà: Unix ti ilé iṣẹ́ AT&T, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, jẹ́ kí mknod lè dá páìpù olórúkọ, fáìlì tí púrógíráàmù méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èyí nìkan ni ènìyàn lásán lè fi mknod dá, nítorí kò ṣí ilẹ̀kùn sí ẹ̀rọ kankan. Nígbà tí àwọn aṣòfin POSIX jókòó ní 1988, wọ́n fún páìpù náà ní ìpè ọ̀tọ̀, mkfifo. Nínú ìwé òfin tí ó tẹ̀lé e tí mknod fi wọlé, páìpù yìí nìkan ni wọ́n gbà pé a lè fi mknod dá kí ó sì rí bákan náà lórí gbogbo Unix. Wọn kò sọ ìtumọ̀ nọ́ńbà ẹ̀rọ. Wọn kò lè sọ ọ́: ohun tí b 8 0 jẹ́ lórí Linux kì í ṣe ohun tí ó jẹ́ níbòmíràn.

Táíwò àti Kẹ́hìndé

Fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dá fáìlì àkànṣe. 4.2BSD kan náà gbé àkójọ àṣẹ kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MAKEDEV, tí ó ń pe mknod lọ́pọ̀ ìgbà kí alábòójútó ẹ̀rọ má baà há nọ́ńbà sórí. Linux gba àṣà yìí. Ohun tí ó bí ni pé fódà /dev kún fọ́fọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ, nítorí wọ́n ń dá orúkọ fún gbogbo ẹ̀rọ tí ó ṣeé ṣe kí ènìyàn ní. Ẹni tí kò ní dísìkì ju ẹyọ kan lọ ní orúkọ fún ogún. Ènìyàn kò lè wo /dev kí ó sọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni USB dé, tí a ń so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà tí a ń tú u nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Níbí ni ìṣòro orúkọ ti farahàn pátápátá. Orúkọ bíi sda àti sdb dà bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, ìyẹn ni pé bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn wá ni a ṣe ń sọ wọ́n. Àmọ́ ìbejì ẹ̀ẹ̀kan ni a ń bí wọn. Dísìkì ń wá, ó ń lọ, ó tún ń wá. Èyí tí ó jẹ́ sdb lánàá lè jẹ́ sda lónìí bí ó bá ṣáájú wọlé, ẹni tí ó bá sì fi àṣẹ tí ó lò lánàá nu sdb lónìí lè nu iṣẹ́ ọdún púpọ̀ dànù. Orúkọ tí a ń fẹ́ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni irú Dàda, tí ó ti ara ọmọ fúnra rẹ̀ wá, tí kò sì yí padà bí ó ti wù kí ọmọ náà jáde wọlé tó.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ lórí Linux ni devfs, iṣẹ́ Richard Gooch, tí ó wọ inú kókó ní 2000. Kókó fúnra rẹ̀ ni ó ń dá àwọn orúkọ inú /dev nígbà tí ẹ̀rọ bá yọjú. Ó yọ mknod lọ́wọ́ alábòójútó, ṣùgbọ́n ó tún gbé orúkọ padà sínú kókó bí ó ti wà ní 1971. Àwọn tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ kò ní ẹnu níbẹ̀ mọ́. Ní 2003, Greg Kroah-Hartman gbé udev jáde. Kókó yóò kàn kéde pé ẹ̀rọ báyìí dé, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí, àmì ara rẹ̀ nìyí. Udev, tí ó wà ní òde kókó, yóò wo òfin tí alábòójútó kọ sílẹ̀, yóò sì pe mknod. Ilé ni ó ń wò kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ. Òun ni ó bí àwọn orúkọ inú /dev/disk/by-id, tí ó jẹ́ nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ sára dísìkì ni a fi mọ̀ wọ́n. Wọ́n yọ devfs kúrò nínú kókó ní 2006.

Ní ojú tiwa, ìjà devfs àti udev ni ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù. Wọ́n ń jà lórí ìyàrá kíákíá àti àṣìṣe inú iṣẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni ìbéèrè àtijọ́ wà: ṣé ẹni tí ó kọ kókó ni yóò sọ ẹ̀rọ lórúkọ, àbí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ? Bell Labs ti dáhùn lọ́nà mìíràn nígbà tí wọ́n ṣe Plan 9, ètò tí wọ́n fẹ́ kí ó rọ́pò Unix. Kò sí mknod níbẹ̀ rárá, kò sì sí nọ́ńbà àgbà tàbí àbúrò tí a kọ sórí dísìkì. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbé fódà tirẹ̀ wá, olúkúlùkù sì ń so ó mọ́ ibi tí ó bá wù ú. Ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀. Àwọn ènìyàn kò bá a lọ.

Ní oṣù Kejìlá 2009, ẹ̀dà 2.6.32 mú devtmpfs wá. Kókó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá fáìlì àkànṣe fúnra rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè tètè jí, àmọ́ ó fi àṣẹ àti orúkọ àpèlé sílẹ̀ fún udev. Àwọn tí wọ́n sọ pé mknod ti kú, ìgbà yìí ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé kókó wò yóò rí i pé devtmpfs ń gba inú vfs_mknod kọjá, ẹ̀ka inú kókó kan náà tí ìpè mknod ń gbà. Ẹni tí ń pè é ni ó yí padà.

mknod nínú àpò wa

Fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò ka iṣẹ́ yìí ní kókó Linux nínú. Nígbà tí a bá tàn án, púrógíráàmù kan tí ń jẹ́ ueventd ń jí, ó ń gbọ́ ìkéde kókó, ó sì ń dá fáìlì àkànṣe fún kámẹ́rà, fún ohùn, fún ìbòjú. Lórí irú ẹ̀rọ ARM tuntun tí ó wà nínú àwọn fóònù wọ̀nyí, nọ́ńbà 14 ti mknod kò sí mọ́. mknodat, àbúrò rẹ̀ tí ó wọ Linux ní 2006, ni ó jókòó dípò rẹ̀. Ó ń gba ohun kan kún mẹ́ta ti àtijọ́: fódà tí a ti ṣí sílẹ̀, kí orúkọ má baà yí olówó padà láàárín ìpè kan sí èkejì. Ẹ̀kọ́ mkdir kò tí ì kúrò lọ́kàn àwọn oníṣẹ́.

Ní ti root náà, agbára rẹ̀ ti di pípín. Láti Linux 2.4 ni agbára láti pe mknod ti ní orúkọ tirẹ̀, CAP_MKNOD, tí a lè yọ kúrò lára púrógíráàmù kan láìyọ àwọn agbára yòókù. Ní 2008, kókó tún gba ètò kan tí ń ṣọ́ nọ́ńbà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fún ọ̀wọ́ púrógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Kò wo orúkọ mọ́, kò sì wo ilẹ̀kùn tí ènìyàn gbà wá. Bí nọ́ńbà náà kò bá sí nínú èyí tí a fún ọ̀wọ́ rẹ, o kò lè dá a, o kò sì lè ṣí i. Lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sára yàrá. Ètò yìí wà lára ohun tí Docker àti irú rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, gbára lé láti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ ara wọn lo ẹ̀rọ kan pọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà kò parí. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa /dev/null rẹ́ pẹ̀lú agbára root, kò ní rí àmì kankan lójú ẹsẹ̀. Púrógíráàmù àkọ́kọ́ ti root tí ó bá fẹ́ da nǹkan síbẹ̀ yóò dá fáìlì lásán ní orúkọ yẹn, gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó ṣègbé yóò sì máa kó jọ síbẹ̀ títí dísìkì yóò fi kún. Oògùn rẹ̀ ni kí a pa fáìlì èké náà rẹ́, kí a sì tẹ mknod -m 666 /dev/null c 1 3. A máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ka ìlà yìí bí gbólóhùn: ṣe é, kí gbogbo ènìyàn lè kà á kí wọ́n sì kọ sí i, orúkọ rẹ̀ nìyí, ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ ṣíṣàn ni, àgbà 1, àbúrò 3. Ẹni tí ó bá ti kà á báyìí kò ní há a sórí mọ́.

Ó ku ìlò kan tí àwọn tí ó dá mknod sílẹ̀ kò lè rò. Ní 2014, Linux gba overlayfs, ètò tí ń tẹ́ fáìlì lé fáìlì bí ẹní, tí àwọn ti Docker ń lò púpọ̀. Bí a bá pa fáìlì kan rẹ́ lórí ẹní òkè, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn, nítorí náà ètò náà ní láti fi àmì kan bò ó mọ́lẹ̀ pé kò sí mọ́. Àmì tí wọ́n yàn ni fáìlì àkànṣe tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ c 0 0. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n sì gbà pé ẹni tí kì í ṣe root, tí kò ní CAP_MKNOD, lè pe mknod láti dá èyí nìkan. Fáìlì àkànṣe àkọ́kọ́ oní-nọ́ńbà méjì tí Linux gbà kí ènìyàn lásán dá nìyẹn, èyí tí kò mú ẹnikẹ́ni dé ibì kankan.